Ohùn Gìtá Láàárín Àpò Ọ̀dùnkún

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n má baà máa pariwo. Ohùn mi kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ìrántí mi ṣì wà níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú yín, èyí tó máa ń fi nǹkan dí etí rẹ̀ méjèèjì tó sì máa ń mi orí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ló bi mí lánàá pé, "Daddy, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ orin rọ́ọ̀kì rí nígbà èwe yín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó dúró di òní. Èsì náà ló gùn. Ó gùn láti Ìbàdàn dé Kàdúná, ojú irin la sì tọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá níwájú téṣàn rélùwéè wa lónìí, koríko àti ewúrẹ́ ni ẹ sábà máa ń rí. Nígbà tiwa, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, téṣàn yẹn ni gbogbo Ọ̀fà ń wò láti mọ ohun tí ọjọ́ wí. A máa ń gbọ́ ọkọ̀ kí a tó rí i. Olúkúlùkù awakọ̀ ló ní bí ó ṣe ń fọn fèrè tirẹ̀, a sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tó máa ń fọn tirẹ̀ gùn, tí yóò sì jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó sunkún títí tí oorun fi gbé e lọ. Bí ti ẹni yẹn bá ti dún, ìyá mi á dá ọwọ́ dúró nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní, "Ó ti dé o, ẹni jẹ́jẹ́." Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, fèrè yẹn ni mo máa ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ti tó ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò dún mọ́.

Ọ́fíìsì ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní téṣàn náà. Èmi ni mo ń kọ ìwé ẹrù tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀: iṣu láti Òjòkú, ẹ̀gẹ́ láti Ìjàgbó, àti ọ̀dùnkún, ọ̀dùnkún, ọ̀dùnkún. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọ̀dùnkún ṣeré ní Ọ̀fà. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi náà ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àlùfáà ìjọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé ìjọ. Rúlà ló máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, bí ìka kan bá sì ṣìnà, rúlà á kí i káàbọ̀. Mo dúpẹ́ fún rúlà yẹn. Òun ló sọ mí di ènìyàn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Àlùfáà sọ fún mi pé ìjọ fẹ́ rán mi lọ sí Ìbàdàn fún ọdún méjì, kí n lọ kọ́ dùùrù ńlá, èyí tó ga bí ilé tí ohùn rẹ̀ sì ń mi fèrèsé. Lẹ́tà tirẹ̀ ló máa gbé mi lọ, ọjọ́ Ìkórè ni yóò sì fi lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi kò lè pa á mọ́ra. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ kí n tó délé. Ṣùgbọ́n Àlùfáà fi nǹkan kan kún un. Ó wo ìka mi, ó ní, "Ọwọ́ tó ń tẹ dùùrù fún Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wà níbi tí àwọn onígìtá bá wà. Bí mo bá gbọ́, kò sí lẹ́tà." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti wà láàárín wọn.

Jòsáyà ló mú mi débẹ̀. Ọmọ ìjọ wa ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó sì wà lára àwọn tó ń tún wáyà tẹligíráàmù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹni gígùn tín-ínrín, tó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ó ra gìtá onígi kan lọ́wọ́ atukọ̀ ojú omi kan tó bá rélùwéè kọjá, ó sì ṣa etí fóònù tó ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ń kó pàǹtírí dà sí. Ó tú u, ó so ó mọ́ inú gìtá náà, ó fa wáyà rẹ̀ bọ inú rédíò oníbátìrì ńlá kan. Bí ó ti fọwọ́ kan okùn, rédíò náà kọrin. Kì í ṣe bí gìtá. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀ lókèèrè, tí o gbé etí lé irin, tí irin náà ń sọ̀rọ̀ sí ọ nínú egungun orí. Mo dìde lórí àga. Jòsáyà wò mí, ó ní, "Jókòó. Kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Orin rọ́ọ̀kì yẹn kò sí lórí rédíò tí a ń gbọ́ ní Ọ̀fà, kò sí àwo rẹ̀ tí a lè rà. Ẹnu àwọn tó ti ìlú kan dé ìlú kejì la ti ń gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbì kan tó ń fi gìtá kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí àwọn àgbà má baà gbọ́. Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè ní páàsì tí a fi ń wọ ọkọ̀ nígbà ìsinmi wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń fi tiwọn lọ kí àwọn àna wọn. Èmi àti Jòsáyà ń fi tiwa lọ gbọ́ gìtá.

Ẹ ó bi mí pé báwo la ṣe ń rí wọn nígbà tí wọ́n fara pa mọ́. Télọ̀ ni. Bí a bá ti bọ́ sílẹ̀ ní ìlú kan, a ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, télọ̀ wo ló ń rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ tóóró níbí?" Nítorí kò sí onígìtá tó ń wọ ṣòkòtò gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀. Télọ̀ náà á wo ẹsẹ̀ wa, á wo ojú wa, bí ó bá sì gbà wá gbọ́, á rán wa lọ síbẹ̀. Ní Òṣogbo, télọ̀ náà kò rán wa lọ síbì kankan. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fa aṣọ tó fi bo igun kan sílẹ̀, gìtá méjì sì wà níbẹ̀. Gìtá tiwọn ní Òṣogbo ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ télọ̀ náà ló ń tẹ irin ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìsí òwú nínú rẹ̀, ìró rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ìlù.

Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni tiwọn wà, wọ́n so gìtá mẹ́ta mọ́ bátìrì lọ́rì kan ṣoṣo, olórin wọn sì ń fi àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ọkọ̀ pariwo. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mo jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní:

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ọ̀fà," ni Jòsáyà wí.

"Ọ̀fà ọlọ́dùnkún? Ọ̀dùnkún ti wá ń ta gìtá báyìí?"

"Ó ń ta á. Tiyín ni kò tíì jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbé àga fún wa.

Ní Ìlọrin, yàrá kan tí wọ́n tẹ́ ẹní sí ni, a sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń kọrin níbẹ̀ ti ka ilé kéwú dáadáa, ohùn rẹ̀ sì máa ń yí po lókè kó tó balẹ̀, bí ẹyẹlé tó ń wá ibi tí yóò bà sí. Nígbà tí àsìkò tó, ó gbé gìtá jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ má bínú, a fẹ́ lọ kírun Alásárì." Wọ́n lọ, wọ́n kírun wọn, wọ́n padà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà níbi gan-an tó ti dá a dúró. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ní Jẹ́bbà, etí Odò Ọya ni wọ́n ń jókòó sí lábẹ́ afárá. Wọn kì í yára. Wọ́n á ta okùn kan, wọ́n á dúró kí omi gbé e lọ, kí wọ́n tó ta òmíràn. Bí ọkọ̀ bá gba orí afárá kọjá, wọ́n á dákẹ́ kí ó kọrin tirẹ̀ tán. Kàdúná ló jìnnà jù. Ọyẹ́ ń já okùn gìtá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí tó fi ku okùn méjì, orin náà sì dára sí i bí okùn ṣe ń dín. Ẹnikẹ́ni kò jó. Wọ́n jókòó, wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, orin kan náà ni, síbẹ̀ ó ti mu omi ìlú náà.

Ọ̀fà náà ní tirẹ̀. Àbúrò bàbá Jòsáyà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọlọ́dùnkún, ní ilé ìkẹ́rù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn. Igi máńgòrò kan àti ògiri kúkúrú kan ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àpò ọ̀dùnkún rẹ̀ a máa kún ibẹ̀ dé àjà, ó sì fi ààyè kékeré sílẹ̀ láàárín wọn tí a lè jókòó sí. Ó gbà fún wa, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀.

"Bí ariwo yín bá mú ọ̀dùnkún mi hù, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ tán."

"Ìyá, inú rẹ̀ ń dùn ni," Jòsáyà wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dùn sí i?"

"Ẹnu rẹ ló ń dùn."

Èmi a máa pè é ní Ìyá, òun a máa pè mí ní ọmọ mi, nítorí pé èmi ni mo máa ń kọ ìwé àpò rẹ̀ dáadáa, tí kò sì sọnù rí. Ohùn tiwa níbẹ̀ rọ̀. Ó máa ń dún bí ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lójú àlá. A rò pé ọwọ́ wa ló tutù bẹ́ẹ̀. A máa ń fi yangàn sí àwọn ará Ìbàdàn pé àwa kì í pariwo, pé ìwà ọmọlúàbí wà nínú gìtá tiwa.

Lẹ́yìn ìrìn àjò Jẹ́bbà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ bí dùùrù yóò ṣe dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá yẹn. Ìjọ wa ní dùùrù kékeré kan tó ṣeé ká pọ̀ bí àpótí, èyí tí a máa ń gbé lọ wàásù ní Òjòkú àti àwọn abúlé tó yí i ká. Kọ́kọ́rọ́ ibi tó wà ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ ohun tí Àlùfáà wí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ló kù kí lẹ́tà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé tí Ìkórè ku ọ̀la, mo gbé dùùrù ìjọ lé èjìká, mo sì fo ògiri náà kọjá. Ìyá Ọlọ́dùnkún ń gbálẹ̀ níwájú ilé ìkẹ́rù. Ó rí mi, ó wo dùùrù, ó tún ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo gbàgbé ohun kan, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ mi ṣe é. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ ẹrù ti kó gbogbo àpò náà lọ sí òkè ọya. Èmi ni mo kọ ìwé rẹ̀, láti àpò àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ilé ìkẹ́rù ṣófo gbáláú. Kò wá sí wa lọ́kàn pé àwọn àpò yẹn ló ń gbé ariwo wa mì láti ọjọ́ yìí wá. Jòsáyà ta gìtá, mo tẹ dùùrù. Ilé náà gba ohùn wa, ó gbé e lu páànù, ó da á síta. Ẹ̀yin ará, ó dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn. Ó dà bí ẹni pé Òṣogbo, Ìbàdàn, Ìlọrin, Jẹ́bbà àti Kàdúná pé jọ sínú ilé kan tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A kò mọ̀ pé gbogbo àwọn tó ń so ìrèké àti ewé ọ̀pẹ mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì ti dá iṣẹ́ dúró.

A gbọ́ ẹsẹ̀. Mo fò dìde, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí ó tó ṣí. Jòsáyà bọ́ sórí àpótí tí mo jókòó lé nídìí dùùrù, gìtá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àlùfáà ló wọlé, Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, sì tẹ̀ lé e, ó ń mí gúlegúle.

"Dùùrù ìwàásù," Bàbá Ìjọ wí. "Dùùrù ìwàásù ni wọ́n ń fi ṣe báyìí."

Àlùfáà kò wo dùùrù. Èmi ló ń wò. "Ta ló gbé e wá síbí?"

Jòsáyà ló dáhùn. "Èmi ni, sà. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ní kí n dá a padà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Àlùfáà bi mí.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé dùùrù, mo sì gbé e padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún fún iṣu, àgbàdo àti adìẹ tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn. Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìjọ dìde, ó ka orúkọ Jòsáyà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn pé ó jí ohun èlò ìjọ gbé, pé kò gbọdọ̀ jẹ Ara Olúwa mọ́ títí ìjọ yóò fi gbà á padà. Mo wà lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mi ò yí ojú padà. Lẹ́yìn ìsìn, Àlùfáà pè mí, ó sì fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi jó dé ilé. Mo gbé lẹ́tà sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì rí i pé mi ò lè fi orí lé e.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Ìyá Ọlọ́dùnkún wá sí ọ́fíìsì ẹrù pẹ̀lú àpò tuntun. Mo kí i, mo ń retí pé yóò pè mí bó ṣe máa ń pè mí. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé," ló wí.

"Ìyá..."

"Àpò mẹ́fà ni. Ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa, akọ̀wé."

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó gba ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ kan fi dé tí ó sì tún lọ. Lẹ́yìn náà mo lọ mú lẹ́tà náà nílé, mo lọ bá Àlùfáà.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń ka ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi lẹ́tà náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi ni mo gbé dùùrù náà, sà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Jòsáyà kò jí nǹkan kan."

"Dìde," ó wí. "Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń retí rẹ."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Jòsáyà kò mọ ibi tí ohùn 'dò' wà lórí dùùrù. Ìka tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, rúlà mi ló tọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ fi fún mi ní lẹ́tà, sà?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá lè gbé e lọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú lẹ́tà náà, ó fi sínú ìwé tó ń kà, ó sì pa ìwé náà dé. "Ìwọ àti Jòsáyà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, títí di Àjíǹde. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni yóò máa tẹ dùùrù. Èmi fúnra mi ni màá tún ọ̀rọ̀ orúkọ Jòsáyà ṣe níwájú ìjọ."

Bí Ìbàdàn ṣe lọ nìyẹn. Mi ò lọ ní ọdún yẹn, ìjọ kò sì rán mi lọ mọ́ láé. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo sọ fún Jòsáyà níbi tí mo jókòó sí ní téṣàn, ó wò mí bí ẹni tó ń wo àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Mo ti jẹ ìyà náà dé ìdajì," ló wí, "o tún wá ń bu tìrẹ níbẹ̀."

"Kò yẹ kó o dá a jẹ."

"Ìwọ ṣá. Sún díẹ̀, kí n jókòó."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ojú ń tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà lórí dùùrù ní gbogbo ìsìn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ orin. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ó ṣìnà ní ibi méjì, ó sì dá dúró láti wá ibi tó dé. Àwọn ènìyàn kò dúró dè é. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ. Àwọn ìyá àgbà tó wà lápá òsì fa òpin ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ tán, wọ́n sì gbé e dìde padà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àwọn àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé fi ohùn kíkẹ̀ gbé wọn ró láti ìsàlẹ̀. Láàárín wọn, ẹnì kan ń fi ohùn tín-ínrín rìn gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń gba ọjà kọjá láìfara kan ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Kò sí nínú ìwé orin. Bí dùùrù mi ṣe ń ké lójoojọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí n gbọ́ wọn rí. Mo ti wọ ọkọ̀ dé Kàdúná láti lọ gbọ́ bí àwọn ará ìlú kan ṣe ń kọrin.

Jòsáyà fi ìgúnpá kàn mí. "Ṣé o ń gbọ́ wọn?"

"Mo ń gbọ́," mo wí, mo sì gbé ojú sókè.